Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ankárá Tí Wọ́n Ní Àwọn Kò Ní Tẹ̀ Mọ́

Láti ọ̀dọ̀ àwa obìnrin tí ń kó aṣọ pamọ́,
Sábóńgàrí, Kánò.

Sí Kábíyèsí, Ọba àwọn Yorùbá ní ìlú Kánò, àti ẹ̀yin ìjòyè ààfin.

Kábíyèsí,

Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé yìí wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gbé wa dé ààfin. A mọ̀ pé àwọn kan yóò fi wá rẹ́rìn-ín pé àgbà obìnrin ń tìtorí ankárá da Ọba láàmú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tán, kí wọ́n sì ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2022, oníṣòwò aṣọ kan tó ní ìsọ̀ ní Kantin Kwari, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ránṣẹ́ pe àwa oníbàárà rẹ̀. (A kò kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Akọ̀wé wa yóò fi ẹnu sọ ọ́ létí yín, nítorí a kò fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ ọmọ ẹni káàkiri ọjà nígbà tí ẹjọ́ kò tíì parí.) Ó ní òun gba ankárá kan wọlé tí irú rẹ̀ kò ní sí mọ́. Àwọ̀ aró ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹyẹ aláwọ̀ wúrà méjì-méjì kọjú síra wọn lórí rẹ̀. Igba ìdì péré ni wọ́n tẹ̀, ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ yáàdì mẹ́fà. Bébà wúrà tó ní nọ́ńbà wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí etí aṣọ pé àkànṣe ni. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa, lójú àwọn ọmọ ìsọ̀ rẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ti ba ohun tí wọ́n fi ya bátànì náà jẹ́, pé bí ìyàwó gómìnà bá wá a dé Ṣáínà kò ní rí i. Ìlọ́po mẹ́ta owó ankárá gidi la san. Àwọn kan san lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan fi owó èésú san án, àwọn mìíràn sì rà ju ìdì kan lọ.

Kábíyèsí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo aṣọ tí ìyá Yorùbá ní ló ń rán. Èyí tí à ń wọ̀ wà lórí okùn, èyí tó jẹ́ ohun ìní wà ní ìsàlẹ̀ àpótí pẹ̀lú káfúrà. Àwọn kan lára wa ṣì ní sányán àti ẹtù tí àwọn ìyá wọn gbé wọ reluwé láti Ọ̀fà, nígbà tí Sábóńgàrí ṣì jẹ́ ilé akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ reluwé. Nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé, tàbí tí àìsàn bá wọlé, àpótí yẹn la máa ń ṣí. Àwọn ọkọ wa máa ń pè é ní ìfowóṣòfò títí di ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tú ìdì yẹn rárá. Bó ṣe ti ìsọ̀ wá ló ṣe wà.

Nígbà tí Iléyá ọdún 2024 kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ náà kún Kantin Kwari, títí kan ìsọ̀ oníṣòwò yẹn. Bátànì kan náà, àwọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ àkànṣe kan náà létí aṣọ. Bébà wúrà nìkan ni kò sí níbẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí a san. Kí oṣù tó parí, àwọn ọmọbìnrin tí ń pín omi níbi àríyá ti fi rán yunifọ́ọ̀mù. A kò kẹ́gàn wọn o, ó tilẹ̀ yẹ wọ́n. A kàn sọ ọ́ kí Kábíyèsí lè mọ bí aṣọ náà ṣe pọ̀ tó.

Bó bá jẹ́ pé ojú ló tì wá nìkan, a ò bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ti àwọn méjì nínú wa, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ ká kọ ìwé yìí.

Ẹnì kan wà tó ta ìdì méjì fún ìyá ìyàwó kan kí aṣọ náà tó tún jáde. Ó sọ fún ìyá yẹn ohun tí oníṣòwò sọ fún un, ó tilẹ̀ fi Ọlọ́run búra lé e, nítorí ó gbà á gbọ́. Aṣọ yẹn ni wọ́n fẹ́ fi ya ìyàwó sọ́tọ̀ lọ́jọ́ ìdáná. Nígbà tí ọjọ́ pé, àlejò mẹ́ta ló wọ irú rẹ̀ wọlé, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ obìnrin tó wá se oúnjẹ. Ẹ kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ tí wọ́n pe arábìnrin wa lọ́jọ́ yẹn. Ó dá ìdajì owó padà láti inú àpò ara rẹ̀, ó sì di ẹni tí kì í lọ síbi ìnáwó ìdílé yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ àjọṣe wọn ti pé ogún ọdún.

Èkejì jẹ́ opó. Ìdì mẹ́rin ló ní. Ó fi wọ́n dógò lọ́dọ̀ ẹni tó yá a lówó tí ọmọ rẹ̀ fi wọ yunifásítì. Nígbà tí aṣọ náà kún ọjà, olówó ránṣẹ́ sí i pé ohun tí ó fi dógò kò gbé owó òun mọ́, kó wá san án tàbí kó fi nǹkan kún un. A kò dá olówó lẹ́bi, ohun tó sọ kò kúrò lójú ọ̀nà. Opó náà gbé ẹtù ìyá rẹ̀ kún un. Ẹtù yẹn ṣì wà lọ́hùn-ún títí di bí a ṣe ń kọ̀wé yìí, èlé sì ń gun orí owó.

A lọ bá oníṣòwò náà ní ìsọ̀ rẹ̀. A kò pariwo, a kò sì kó ọ̀dọ́ dání. Ó fún wa níjòókòó, ó ra ohun mímu fún wa, ó sì dá wa lóhùn báyìí: aṣọ ni òun tà fún wa, òun kò ta ọ̀rọ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ ló tún un tẹ̀, kì í ṣe òun. Ó tún ní, ṣé a fẹ́ kí àwọn aláìní má wọ aṣọ tó dára ni?

Èyí tó sọ kẹ́yìn la fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló ní òótọ́ nínú. Kò sí ẹni tó ni ẹwà aṣọ ní òun nìkan, àwa obìnrin Yorùbá la sì yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwọn aládìrẹ wa ya òun àti ayaba rẹ̀ Mary sára aṣọ, wọ́n pè é ní Ọlọ́ba. Ọba yẹn wàjà ní 1936. Adìrẹ Ọlọ́ba ní tirẹ̀ kò wàjà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì ń fi ẹ̀kọ ya á, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú aró, tí àwọn èèyàn ń rà á. Ẹni tó ra ti 1935 kò lọ gbé aládìrẹ lọ sílé ẹjọ́. Ẹ wo ankárá Hólándì náà. Ilé-iṣẹ́ Vlisco tó wà ní Helmond láti ọdún 1846 ní bátànì tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti ìgbà àwọn ìyá ìyá wa. Èyí tó ní àtẹ́lẹwọ́ àti owó kéékèèké nínú ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, a ṣì ń rà á, inú wa ń dùn pé ọmọ wa ń wọ ohun tí ìyá wa wọ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́ wa jẹ níbẹ̀, torí kò sí ẹni tó sọ fún wa nígbà kankan pé èyí ni ìkẹyìn.

Nítorí náà, Kábíyèsí, a kò wá bẹ̀ yín pé kí wọ́n kó aṣọ kúrò lára ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ń ṣèpàdé lórí ìwé yìí, àwọn kan nínú wa fẹ́ ká kọ ọ́ pé kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ lọ́jà kí wọ́n dáná sun ún. A bá wọn wí. Aṣọ tó ti tẹ̀ ti tẹ̀, ẹni tó bá rí i rà kó wọ̀ ọ́ gbó.

Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ pé òun kò ta ọ̀rọ̀, níbẹ̀ la ti kọ̀. Òwú inú ìdì wa kò yàtọ̀ sí òwú inú ankárá mìíràn. Àwọ̀ rẹ̀ kò le jù wọ́n lọ, ọ̀kan nínú wa tó fọ tirẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí iye aṣọ bá jẹ́ náírà kan, náírà mẹ́ta la san. Kí wá ni méjì tó kù wà fún? Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ sétí aṣọ, nọ́ńbà tó wà lórí bébà, àti ìlérí tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni wọ́n wà fún. Ọ̀rọ̀ gan-an ló pọ̀ jù nínú ohun tó tà fún wa. Nígbà tó wá gba owó aṣọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́dún 2024, ọ̀rọ̀ tiwa ló tún fi ṣe ẹ̀bùn fún wọn.

Ó tún kù èyí tó sọ pé ilé-iṣẹ́ ló tún un tẹ̀, kì í ṣe òun. Ìlú Kánò yìí ti dá ẹjọ́ yẹn kí òyìnbó tó dé ṣe ìjọba. Ní oṣù Kìíní ọdún 1824, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wọ ìlú yìí, ó sì kọ ohun tó rí lọ́jà sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá ra ẹ̀wù tàbí turkudi, aṣọ aláró tí àwọn obìnrin ń ró, tó gbé e dé Bọ̀nú tàbí ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀ láì tú u, tó wá rí i níbẹ̀ pé aṣọ náà kò dé ojú ìwọ̀n, ṣe ni yóò dá a padà wá sí Kánò, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a jiyàn. Wọ́n ti kọ orúkọ dillali, alágbàtà ọjà, sínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Dillali yẹn ni yóò wá ẹni tó ni aṣọ rí, òfin Kánò yóò sì mú olùtajà dá owó padà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró lé ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Dillali ìgbà náà kò hun aṣọ, kò sì rẹ ẹ́ láró. Bóyá kò tilẹ̀ tú ìdì náà wò. Síbẹ̀ kò lè sọ fún ará Bọ̀nú pé kó lọ wá ahunṣọ. Ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ sínú ìdì ló ń jẹ́ ẹjọ́ ìdì. Aṣọ Kánò sì ń lọ jìnnà nígbà náà: Heinrich Barth, ará Jámánì tó dé síbí ní 1851, kọ ọ́ pé ó ń dé Tìmbúkútù. Ta ni yóò ra ìdì tí wọ́n dì, tí kò ní tú títí yóò fi la aṣálẹ̀ kọjá, bí kò bá dá a lójú pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ yóò dúró? Ìdì tiwa náà kò tíì tú, Kábíyèsí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa kò lọ sí Bọ̀nú. Sábóńgàrí sí Kantin Kwari, kẹ̀kẹ́ a-dáìdaita-sahu kan ló ń gbé ni débẹ̀.

Àwọn ìyálọ́jà Lomé ní Tógò náà yẹ lẹ́ni tí à ń mẹ́nu kàn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nana Benz nítorí ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n ń gùn. Ní nǹkan bí ọdún 1950 títí di 1980 sókè, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó máa ń ya bátànì sọ́tọ̀ fún wọn. Bátànì tí wọ́n bá fún ìyá kan, kò sí ẹlòmíràn tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti Kòtónù dé Kíńṣáṣà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò wá bá ìyá yẹn. Ohun tó sọ wọ́n di olówó kò sí nínú òwú. Àdéhùn ni. Lóòótọ́, nígbà tí wọ́n gé owó CFA sí ìdajì ní oṣù Kìíní ọdún 1994, tí àdàkọ Ṣáínà sì wọlé lẹ́yìn náà, ọjà wọn wó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àjèjì tó ń dà wọ́n kọ ni àdàkọ ti wá. Tiwa ti ọwọ́ ẹni tó ṣèlérí wá.

Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ fún wa pé irú ẹjọ́ yìí wà níbi gbogbo tí èèyàn bá ti ń kó nǹkan jọ, ìbáà jẹ́ ère oníke láti Japan, ìbáà jẹ́ sítáńbù. Ó sọ ti Amẹ́ríkà ní 1962: àwọ̀ yẹ́lò ṣèèṣì dojú dé lára sítáńbù tí wọ́n fi rántí Dag Hammarskjöld, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ti kú. Ẹnì kan rí àádọ́ta nínú rẹ̀, ó rò pé ọrọ̀ ti dé. Ọ̀gá ilé-ìfìwéránṣẹ́ wọn, J. Edward Day, ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ àṣìṣe náà ní 40 mílíọ̀nù. Ọkùnrin náà re kóòtù, ẹ̀pa kò bóró mọ́. A kò gbé ẹjọ́ wa lé tirẹ̀ o. Ìjọba kò ṣèlérí kankan fún un, oríire ojijì ló bá a, oríire sì lè padà lẹ́yìn ẹni.

Èyí tó jọ tiwa ni ti káàdì eré kan tí wọ́n ń pè ní Magic. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast tún àwọn káàdì tó ti wọ́n tẹ̀, àwọn tó ti fi owó ńlá rà wọ́n sì fárígá. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ náà kọ orúkọ àwọn káàdì tí wọn kò ní tẹ̀ mọ́ síta kí gbogbo ayé rí i. Nígbà tí ojú wọn tún wọ àwọn káàdì yẹn ní 2022, wọ́n tẹ díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí ọmọdé pàápàá lè mọ̀ pé kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Inú àwọn èèyàn kò dùn sí i, torí ọgbọ́n àyínìke ni. Síbẹ̀ wọ́n yí ẹ̀yìn padà! Oníṣòwò tiwa kò yí etí aṣọ.

A kò ní purọ́ níwájú Ọba. Èrè wà lọ́kàn àwọn kan lára wa nígbà tí wọ́n ń ra ìdì kejì àti ìkẹta. Bí owó aṣọ náà bá já nítorí pé àwọn èèyàn kò fẹ́ ẹyẹ mọ́, tàbí nítorí pé lééṣì ló gba òde, a ò ní wá síbí. Òwò nìyẹn, a ti pàdánù bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí a kò rà ni pé kí ẹni tó tà á fún wa fúnra rẹ̀ bà á jẹ́.

A mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà ka irọ́ pípa lórí ọjà léèwọ̀, àwọn ọmọ wa sì ń rọ̀ wá pé ká gba ọ̀nà ibẹ̀. A kò tíì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ wa ni ọkùnrin náà. Ó ń bá wa ṣe ìsìnkú, a jẹ oúnjẹ ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí ló jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. Kí Kábíyèsí ránṣẹ́ pè é, kí ó wá dúró níwájú wa pẹ̀lú ìwé tó fi ra aṣọ ti 2022 àti ti 2024, kí a lè mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ ló tan òun náà jẹ tàbí òun ló ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Bó bá jẹ́ wọ́n tàn án ni, a óò bá a ké dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ó yọ ọ̀rọ̀ àkànṣe kúrò létí gbogbo èyí tó kù ní ìsọ̀ rẹ̀, kó má sì tún kó èyí tó ní ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Bó bá tún fẹ́ tẹ bátànì náà, kí ó yí àwọ̀ rẹ̀, kí ó sì kọ ọdún sí i lára. Kí ó fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní bébà wúrà ní ìwé tó fọwọ́ sí, tó sọ pé aṣọ onítọ̀hún wà lára igba àkọ́kọ́. Ìyẹn kò ní ná an ju yíǹkì lọ, òun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń fẹ́.

Fún ẹni tí kò bá fẹ́ ìwé, tí ìdì rẹ̀ kò sì tíì tú, kí ó gba aṣọ rẹ̀ padà ní iye tó tà á, gẹ́gẹ́ bí òfin àtijọ́ ìlú yìí. Fún ẹni tó dá owó padà fún ìyá ìyàwó, kí ó san ohun tó ti àpò rẹ̀ jáde. Ti opó la fi ṣáájú gbogbo rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kọ ọ́ sẹ́yìn: kí ẹtù ìyá rẹ̀ jáde kúrò nínú ìdógò, kí oníṣòwò náà sì jẹ́ ẹni tí yóò san ohun tí yóò fi jáde. Bí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kí ó san án díẹ̀díẹ̀ lójú ààfin.

A sì bẹ Kábíyèsí pé kí ẹ bá àwọn aṣáájú ọjà sọ̀rọ̀ nítorí ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ta ohun tó pè ní àkànṣe fún wa, kí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn: mélòó ni, ọdún wo ni, ṣé àwọ̀ mìíràn lè jáde tàbí kò lè jáde. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí ó ta aṣọ rẹ̀ bí aṣọ.

A fi ìdì kan tí kò tíì tú, tòun ti bébà rẹ̀, àti yáàdì kan nínú èyí tó tún jáde, ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí, kí Kábíyèsí fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Opó náà ló ni ọmọ tó gbé wọn wá. Yóò dúró gbọ́ ọjọ́ tí ẹ bá dá.

Àwa ọmọ yín,

Ìyá Ẹgbẹ́ (ó tẹ̀ka)
Akápò
Akọ̀wé
ní orúkọ gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yìí.